Ooru ń bọ̀, ẹ yẹ rédíétọ̀ yín wò: ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà Òsì

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Òsì sí Òmù-Àrán lọ́sàn-án oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta yóò ti rí i rí. Ọkọ̀ kan ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, èéfín funfun ń rú jáde níbi ẹ́ńjìnnì, àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi, awakọ̀ sì gbé kẹ́ẹ̀gì dání, ó ń wá omi kiri. Àwọn ìyá oníṣòwò tó kó iṣu àti gàrí sẹ́yìn ọkọ̀ ń wo aago, torí wọ́n mọ̀ pé ọjà Ìlọrin kò ní í dúró dè wọ́n. Tí awakọ̀ bá rí omi, yóò rọ ọ́ sínú rédíétọ̀, yóò pe orúkọ Ọlọ́run, yóò sì tún ṣíná sí ọkọ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì náà máa sùn sí.

Oòrùn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń dá lẹ́bi tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní ooru ọdún yìí ti pọ̀ jù, tàbí kí wọ́n ní ẹrù ló wúwo. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọkọ̀ tó gbóná lójú ọ̀nà lónìí ti ń ṣàìsàn láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, òjò àti ọyẹ́ ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i. Ìgbà tí oòrùn wá dé ni àṣírí tú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ká ní awakọ̀ kan gba ọkọ̀ Sienna tọ́kúńbọ̀ lọ́wọ́ olówó kan, tí àdéhùn wọn sì jẹ́ pé yóò máa san N40,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Bí héèdì ẹ́ńjìnnì bá tẹ̀ nítorí ooru, tí ọkọ̀ náà sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní gáráàjì, gbèsè N120,000 ti wà nílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Wọn kò tíì ra gáásíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò tíì gbé héèdì lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ há a kó lè tẹ́jú, wọn kò sì tíì da ọ́ìlì tuntun sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, awakọ̀ kò gbé èrò, kò dá àjọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ń jẹun nílé. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa sọ iye tí wọ́n á máa ṣẹ́ náírà sí dọ́là, ẹni tó bá ti lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ mọ bí owó rẹ̀ ṣe fò sókè. Ọkọ̀ èrò ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Òsì, Ìlọfà, Àràròmí-Ọ̀pin àti Ẹ̀rúkù gbójú lé láti gbé irè oko wọn dé ọjà. Tí ọkọ̀ kan bá dúró, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti awakọ̀ nìkan.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì? Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí ẹ rà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń yí táyà. Ìdá kan ń bá èéfín jáde nídìí ọkọ̀, ìdá kan tó kù sì di ooru tí omi inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbé lọ sí rédíétọ̀, kí atẹ́gùn lè gbà á lọ. Pọ́ǹpù omi ló ń ti omi yìí káàkiri, fáànù ló ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́ tàbí tó dúró. Tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ̀lẹ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò sì máa pọ̀ sí i níbi tó wà.

Ìdí tí ìṣòro náà fi ń dé ní àkókò ooru rọrùn láti ṣírò. Rédíétọ̀ kì í ṣe fíríìjì. Kò lè tu ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lọ. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná ju atẹ́gùn òde lọ tó ni agbára rédíétọ̀ ṣe tó. Tí omi inú ẹ́ńjìnnì bá wà ní ìwọ̀n 95 lórí Sẹ́ńtígíréèdì, tí atẹ́gùn òwúrọ̀ ọyẹ́ sì wà ní 20, àlàfo 75 ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án oṣù Kẹta tí atẹ́gùn bá dé 38, àlàfo náà ti dín kù sí 57. Ìyẹn ni pé rédíétọ̀ kan náà, láì sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Ooru tó ń ti ara ọ̀dà títì dìde kò tíì sí nínú ìṣírò yìí o. Rédíétọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ti dí lè bá ọkọ̀ dé ilé nínú oṣù Kejìlá láìsí ariwo, kó wá dójú ti olówó rẹ̀ nínú oṣù Kẹta.

Ẹ tún wá fi òkè sí i. Ilẹ̀ agbègbè náà kò tẹ́jú. Tí ọkọ̀ tó kún fún èrò àti ẹrù bá ń gun òkè ní jíà kejì, ẹ́ńjìnnì ń sáré gidi, ó ń jó epo púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sáré tó láti mú atẹ́gùn wá síwájú rédíétọ̀. Ooru pọ̀, atẹ́gùn kéré. Ibẹ̀ ni fáànù ti ń fi ara rẹ̀ hàn, bóyá ó ṣì lágbára tàbí ó ti di ohun ẹ̀ṣọ́.

Nǹkan kan wà tí àwọn awakọ̀ kì í kà kún rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdajì iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìdérí rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé kí omi má baà dànù nìkan ni wọ́n ṣe dé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lásán máa ń hó ní ìwọ̀n 100. Àmọ́ tí ìdérí bá tẹ omi náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kò ní tètè hó. Àwọn ìyàwó ilé tó ń fi ìkòkò onídèérí líle se ẹran mọ ọgbọ́n yìí. Lórí ọ̀pọ̀ ìdérí ọkọ̀ Japan, ẹ óò rí 0.9 tàbí 1.1 tí wọ́n kọ sí i. Tí ìdérí 0.9 bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, omi inú rédíétọ̀ kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bíi 118, ti 1.1 yóò gbé e dé bíi 121. Tí rọ́bà abẹ́ ìdérí náà bá ti là, tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀, omi náà ti padà sí 100 nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú páálí. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dé ìdérí náà láàbọ̀, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí omi tètè hó. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè pààrọ̀ sára ọkọ̀ kí ooru tó dé, ìdérí yìí wà lára àwọn tó pọ́ọ́kú jù lọ. Kí ẹni tó fẹ́ rà á rí i pé iye tó wà lórí tuntun bá ti àtijọ́ mu, kó má sì ra èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí agbára tó bá lé lè fọ́ rọ́bà tàbí ẹnu rédíétọ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ omi àti kúláǹtì. Awakọ̀ á ní bàbá òun fi omi odò wa Píjó 504 fún ogún ọdún. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ayé ọjọ́un, bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe é, tó bá jò, wọ́n á jó o, ó parí. Ti ọkọ̀ òde òní, aluminíọ̀mù ni, orí àti ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ike. Omi kànga àti omi odò ní èròjà ilẹ̀ nínú, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì. Bí ó ṣe ń lẹ̀ ni ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá ń dí. Omi lásán tún máa ń jẹ aluminíọ̀mù, ó sì máa ń dá ìpẹtà sára irin ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà náà á sì máa fà kiri bíi yanrìn. Ọkọ̀ tí omi inú rédíétọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀ ti ń jẹ ara rẹ̀ láti inú.

Iṣẹ́ méjì ni kúláǹtì ń ṣe tí omi kò lè ṣe: ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń gbé ibi tí omi ti ń hó ga sí i. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kò ní hó kó tó dé nǹkan bíi 106, kódà tí ìdérí kò bá sí níbẹ̀. Tí ìdérí tó dára bá tún wà lórí rẹ̀, yóò kọjá 120 dáadáa. Omi tí wọ́n á fi pò ó ló yẹ kó jẹ́ èyí tí kò ní èròjà ilẹ̀ nínú, bí irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì, ìyẹn omi lásán tí kò ní ásíìdì. Tí kò bá sí, omi òjò tí wọ́n gbè láìjẹ́ kó kan páánù tó ti dípẹtà sàn ju omi kànga lọ. Lórí ike àwọn kúláǹtì kan, ẹ óò rí i pé wọ́n ti pò ó tán. Ẹni tó bá tún da omi sí irú rẹ̀ ti sọ ọ́ di omi ṣákálá. Àwọ̀ kì í sọ irú èyí tó jẹ́. Àwọ̀ ewé, pupa, àlùkò, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan tiẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì po oríṣi méjì pọ̀, torí àwọn kan máa ń dì bí ọ̀gì tí wọ́n bá pàdé ara wọn. Ayédèrú náà sì wà lọ́jà, omi tí wọ́n kàn fi àwọ̀ sí. Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi ń fa kúláǹtì mu díẹ̀ láti mọ bó ṣe nípọn tó. Ẹ ní kí wọ́n fi wo tiyín kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì ló tún kù. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á tilẹ̀kùn kó lè tètè móoru. Tí omi bá dé nǹkan bíi 82 sí 88, á ṣí i. Ní ilẹ̀ wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ṣe tí ọkọ̀ bá gbóná ni kí wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ìlú tútù ni wọ́n ṣe é fún. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mọ́sítáàtì kì í tètè dé ibi tí ooru rẹ̀ yẹ kó wà, nítorí náà ó ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Nígbà tí jálá epo ṣì rọ̀, bóyá èèyàn lè fojú fò ó. Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó lítà epo kan sì kúrò ní bíi N190 bọ́ sí N500 ó dín díẹ̀ tàbí ó lé láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò tún sí awakọ̀ tó lè fi epo ṣòfò mọ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: tẹ́mọ́sítáàtì náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, omi gbígbóná á kàn máa yí po sójú kan, ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn ń wò sàn á wá máa gbóná sí i.

Ẹni tó bá fura sí tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ lè dán an wò nínú ìkòkò. Kó fi okùn so ó rọ̀ sínú omi tó wà lórí iná, kó má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò, kó sì máa wò ó. Kí omi náà tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí. Tí wọ́n bá gbé e kúrò, ó gbọ́dọ̀ padà dé. Tí kò bá ṣe méjèèjì, tuntun ló yẹ kó rà. Yíyọ ọ́ dànù kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí yé jù lọ láyé ni àwọn tó ń fi mọ́tò sáré. Ní àwọn ìlú tó ní pápá eré ìje ọkọ̀, èèyàn tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè sanwó kó lọ sáré ní pápá náà fún ọjọ́ kan. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n ń sáré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jáde sinmi, wọ́n á tún padà wọlé. Ṣùgbọ́n láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ́ńjìnnì ń ṣe wàhálà tó jọ ti ọkọ̀ tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá dé pápá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Nílé ni wọ́n ti ń fọ inú rédíétọ̀, tí wọ́n ń yẹ ìdérí àti rọ́bà wò, tí wọ́n sì ń fi fóòmù dí gbogbo àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, kí atẹ́gùn tó bá wọlé níwájú ọkọ̀ má baà rí ibòmíràn yà sí. Tí eré bá fẹ́ parí, wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Wọ́n á fi ìyípo tó kẹ́yìn rìn jẹ́jẹ́ kí ooru lè lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dúró.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń lo omi dípò kúláǹtì. Awakọ̀ tó bá gbọ́ èyí á ní ẹ ò rí i pé òun ò jẹ̀bi. Ẹ fara balẹ̀. Omi máa ń gbé ooru ju kúláǹtì lọ lóòótọ́. Àmọ́ ìdí pàtàkì tí ọ̀pọ̀ pápá fi ń kọ kúláǹtì ni pé tó bá dà sílẹ̀, ó máa ń yọ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi ṣubú. Omi tí wọ́n ń lò náà, èyí tí kò ní èròjà ilẹ̀ ni, wọ́n ń po oògùn tó ń dènà ìpẹtà mọ́ ọn, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Kò jọ omi odò tó ti wà nínú rédíétọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Nílẹ̀ Áfíríkà yìí náà, a ti rí ibi tí ooru àti ọ̀nà ti dán mọ́tò wò. Ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Bandama, orúkọ odò ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní ọdún 1972, ọ̀nà náà le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n fún wọn. Píjó 504 tí gbogbo wa mọ̀ yìí ló gba ipò kìíní níbẹ̀ lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas ló wà á. Ọdún yẹn kan náà ni ọkùnrin yìí fi irú ọkọ̀ kan náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, níbi tí Ove Andersson ti fi 504 borí tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1975. Ọdún 1975 yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ohun tí àwọn àgbà awakọ̀ fẹ́ràn lára ọkọ̀ náà ni pé kì í tètè kọṣẹ́ nínú ooru. Síbẹ̀, aluminíọ̀mù ni héèdì tirẹ̀ náà, irin sì ni ara ẹ́ńjìnnì tó jókòó lé. Tí omi rẹ̀ bá gbẹ, héèdì náà á tẹ̀ bíi ti ọkọ̀ yòówù. Ọwọ́ tó tọ́jú rẹ̀ ló jẹ́ kó lókìkí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òsì. Ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kò lọ sí páákì tó láti ṣe àyẹ̀wò yìí, kó sì jẹ́ òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Iwájú rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Eruku ọyẹ́, kòkòrò àti ewé máa ń dí àwọn ojú wínníwínní ara rẹ̀, pàápàá láàárín rédíétọ̀ àti ti ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Omi jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó lè ti ìdọ̀tí gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò yóò tẹ àwọn ojú náà pa. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí fáànù ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń jẹ́ kí fáànù fa atẹ́gùn gba gbogbo ojú rédíétọ̀ dípò kó máa fẹ́ ara rẹ̀ lójú kan. Ọ̀pọ̀ tọ́kúńbọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ sọnù níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

Lórí fáànù iná, àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn réwáyà wa: wọ́n á so fáànù náà pọ̀ mọ́ iná ní tààrà kó lè máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná. Ó lè gba èèyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tó máa bá awakọ̀ tó há sójú ọ̀nà jà lórí rẹ̀. Àmọ́ ó ń bo ohun tó bàjẹ́ gan-an mọ́lẹ̀, fáànù náà á sì tètè jó torí kò sinmi mọ́. Ó sàn kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń gbọ́ ooru tàbí ríléè tó kú. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ní tirẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì, tó sì ti gbóná dáadáa: tó bá ń yí fàlàlà bí ẹni tí kò sí ohun tó dì í mú, ohun tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ti sọ̀lẹ.

Rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Èyí tó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, tàbí tó le tó sì ń la gàjàgàjà, kò yẹ kó rí oṣù Kẹta. Ẹ wo abẹ́ pọ́ǹpù omi bóyá ipa omi gbígbẹ wà níbẹ̀, torí pọ́ǹpù máa ń sọ tẹ́lẹ̀ kó tó kú. Tí ẹ bá ti fọ inú rédíétọ̀ tí ẹ sì da kúláǹtì tuntun sí i, ẹ jẹ́ kí iwájú ọkọ̀ ga díẹ̀, ẹ tan híítà, ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láìdé ìdérí títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi hó jáde tán, kí ẹ máa fi kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù ni kí ìdérí ti wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú héèdì lè jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì máa bú kúláǹtì.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Gbàrà tí géèjì bá ti ń gòkè kọjá ibi tó máa ń wà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ tan híítà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó le jù. Àwọn èrò á kùn, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kejì ni híítà jẹ́. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má ṣí ìdérí. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kọjá 100, ìdérí ló dì í mú. Tí ẹ bá ti ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sójú ẹni tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní àpá rẹ̀ lápá àti láyà. Ó kéré tán, ẹ fún un ní bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, títí ẹ óò fi lè gbé ọwọ́ lé rọ́bà òkè. Omi tútù tí wọ́n bá sì da sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná janjan lè la héèdì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Géèjì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé nígbà gbogbo. Inú omi ni ohun tó ń gbọ́ ooru fún un ti ń ṣiṣẹ́. Tí rọ́bà bá bẹ́ tí omi sì dà tán, afẹ́fẹ́ ló ń kàn án, géèjì lè wá máa sọ pé àlàáfíà wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Nítorí náà, awakọ̀ tó bá rí i tí géèjì kọ́kọ́ fò sókè tó sì já wálẹ̀ lójijì kò gbọdọ̀ yọ̀. Kó pa ẹ́ńjìnnì.

Tí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, àmì mẹ́ta ló ń sọ pé gáásíkẹ́ẹ̀tì héèdì ti lọ: ọ́ìlì tó ti funfun bí ẹ̀kọ mímu lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, èéfín funfun tó ń jáde láìdábọ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó pútúpútú nínú rédíétọ̀ ní kété tí wọ́n ṣíná. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì ń gbé èrò lọ sí Ìlọrin ń fi owó ẹ́ńjìnnì odindi gba owó gáásíkẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀. Kí ó sì rí i pé wọ́n wo héèdì bóyá ó tẹ́jú kí wọ́n tó fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, torí ohun tí àwọn mẹkáníìkì kan ń fò nìyí, tí ọkọ̀ fi ń padà sí gáráàjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun kan kù tó jẹ́ ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, wọ́n máa ń kọ iye tí awakọ̀ á máa san àti ẹni tó ni táyà àti ọ́ìlì. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ kúláǹtì. Olówó á ní awakọ̀ ló ń wà á, awakọ̀ á ní kì í ṣe ọkọ̀ òun, omi odò á sì wà nínú rédíétọ̀ títí héèdì yóò fi tẹ̀. Ìlà kan péré ló lè parí ìjà yẹn: ẹni tí yóò ra kúláǹtì, pé wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe sọ, àti pé wọ́n á yẹ rédíétọ̀, ìdérí àti fáànù wò ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, kí oṣù Kejì tó dé.